Bí Mo Ṣe Tọ́jú Kókósẹ̀ Tó Kán Títí Tí Mo Fi Padà Sídìí Òfì

Iṣẹ́ aṣọ òkè ni mo ń ṣe ní Ìlọrin níbí, ọwọ́ bàbá mi ni mo sì ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá wá rajà lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ wa ló máa ń wò, bí a ṣe ń ju ọkọ̀ òwú lọ tí a ń jù ú bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sídìí òfì rí mọ̀ pé ìtẹsẹ̀ méjì tó wà nísàlẹ̀ ló ń ya òwú sí méjì kí ọkọ̀ tó rọ́nà kọjá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀, tòsì gbé sókè, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kókósẹ̀ ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí kókósẹ̀ ọ̀tún mi wá kán, rírìn nìkan kò lè tó mi. Mo fẹ́ kí ó tún tẹ ìtẹsẹ̀. Bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá ìgbà tí wọ́n ti tú P.O.P., ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó kán. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti parí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò gùn. Òjò ti rọ̀, mo fẹ́ sọdá gọ́tà, pákó tí wọ́n tẹ́ lé e yẹ̀, ẹsẹ̀ mi yí, mo sì gbọ́ tí nǹkan dún nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé mi délé ó ti wú dé ojúgun. Àwọn ará ilé ní ó rọ́ ni, kí á gbé omi gbígbóná wá, kí á fi òrí wọ́ ọ. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ tó rọ́ pọ̀ ju ẹsẹ̀ tó kán lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a lè fi fura. Lọ́dún 1992 àwọn dókítà kan ní Ottawa, lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé ìlànà kan jáde tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò káàkiri ayé títí dòní. Bí kókósẹ̀ bá ń dunni, tí èèyàn kò lè gbé ìṣísẹ̀ 4 nígbà tó fara pa àti nígbà tó dé ilé ìwòsàn, tàbí tí wọ́n fi ìka tẹ ẹ̀yìn egungun tó yọ kókó lápá òde tàbí lápá inú tí ó dùn ún, kí wọ́n ya X-ray. Ẹsẹ̀ tó kàn rọ́, iwájú kókó òde àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń dunni jù. Ní tèmi, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo kò ṣeé gbé. Omi gbígbóná àti wíwọ́ kò sì yẹ ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa, ìbáà rọ́, ìbáà kán, torí yóò túbọ̀ wú ni. Yìnyín tí a fi aṣọ wé ló yẹ ẹ́, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan, kí a sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ teguntegun. N kò fojú kékeré wo iṣẹ́ wọn, àwọn tó ti ọwọ́ wọn sàn wà nínú ẹbí wa. Ìdè ló ń bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá fi pákó àti aṣọ di ẹsẹ̀ tó ṣì ń wú, ẹ̀jẹ̀ kò ní rọ́nà dé ọmọ ìka mọ́, ẹran ibẹ̀ á sì kú. Àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí irú ìdè bẹ́ẹ̀, ọmọdé sì wà nínú wọn. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á ya àwòrán rẹ̀ ná, ká mọ ohun tó wà ńbẹ̀.” Wọ́n gbà, àwọn fúnra wọn ló sì bá wa wá ọkọ̀.

Àwòrán fi hàn pé kókó òde àti kókó inú ló kán, oríkèé sì ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn kókó méjèèjì yìí ló há egungun àárín mọ́, tí kì í fi í yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí méjèèjì bá ti lọ, P.O.P. nìkan kì í sábà lè dá a dúró. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1976, tó fi hàn pé bí egungun àárín náà bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mìlímítà 1 péré, ibi tí egungun ti ń kan egungun nínú oríkèé á dín kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìwúwo ara á wá dà sórí ibi kékeré, oríkèé á sì tètè gbó. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n gbà fún iṣẹ́ abẹ. Wọn kò ṣe é lójú ẹsẹ̀, wọ́n dúró kí wíwú fà díẹ̀, títí awọ ara fi ń hun jọ nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, torí ojú ọgbẹ́ kì í fẹ́ pa dé lórí awọ tó wú fọ́nfọ́n. Irin pẹlẹbẹ àti ìṣó oníyíyí ni wọ́n fi so egungun náà pọ̀, wọ́n sì fi ìlàjì P.O.P. tì í lẹ́yìn.

Nílé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni gbígbé ẹsẹ̀ sókè. Gbígbé e lé àpótí nígbà tí a jókòó kò tó o. Ó ní láti ga ju ọkàn lọ, nítorí náà mo máa ń dùbúlẹ̀, ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta á sì wà lábẹ́ ojúgun. Mo ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ lóòrèkóòrè, ìyàwó mi sì ń wo àwọ̀ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ọmọ ìka bá tutù, tàbí tí ó yí padà di aró, tàbí tí kò mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun, tàbí tí ìrora ń le sí i lábẹ́ P.O.P. dípò kó máa rọlẹ̀, ilé ìwòsàn ni ká gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kódà lóru. Bákan náà ni bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dunni, tàbí tí àyà bá dédé ń dunni tí èèmí ń kúrú. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ kó sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn sì ń pani. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú aláìsàn báyìí, kó mọ àwọn àmì yìí lórí.

P.O.P. ń yún ni gan-an. A kì í ti ìgbálẹ̀ tàbí rúlà bọ inú rẹ̀, torí egbò tó bá dá sílẹ̀ níbẹ̀, òórùn rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí i. Ọ̀rá ni mo fi ń wé e bí mo bá fẹ́ wẹ̀, màá jókòó, màá na ẹsẹ̀ náà kúrò lọ́nà omi.

Ní ti kírọ́ọ̀ṣì, àtẹ́lẹwọ́ ló ń ru ìwúwo, abíyá kọ́. Orí kírọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ jìnnà sí abíyá tó ìka méjì sí mẹ́ta, torí iṣan tó ń jẹ́ kí ọwọ́ ṣiṣẹ́ gba abẹ́ abíyá kọjá, tí a bá fara tì í, ọwọ́ lè kú tipiri. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣíwájú. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, kírọ́ọ̀ṣì àti ẹsẹ̀ tó ń ro ló ń ṣíwájú.

Àlùwàlá ni ó kọ́kọ́ rú mi lójú. Mo béèrè lọ́wọ́ àfáà àdúgbò wa, wọ́n ní ọwọ́ tútù ni kí n fi pa orí P.O.P. náà lásán, kí n fọ gbogbo ibi tó kù bó ti yẹ, kí n jókòó sórí àga kírun, kí n tẹ̀ síwájú fún rúkúù, kí n tún tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìforíkanlẹ̀. Mo mọ àwọn tó tìtorí àlùwàlá tú ohun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ wọn. Kò sídìí fún un.

Oúnjẹ náà ṣe pàtàkì: wàrà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, torí egungun nílò kálísíọ́mù àti oúnjẹ amárale láti fi so. Wàrà kì í wọ́n láti rí ní Ìlọrin, n kò sì jẹ́ kí ó tán nílé. Ẹni tó bá ń mu sìgá, dókítà á sọ fún un pé kó jáwọ́, nítorí ó ń fà á sẹ́yìn kí egungun so.

Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n sábà máa ń ní kí irú ẹsẹ̀ báyìí má fi tẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú tèmi, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti rù, awọ rẹ̀ ń họ, kókósẹ̀ sì le gbagidi. X-ray ní egungun ti so. Ìdílé mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n ní ó ti tán. Obìnrin onífísíò, ẹni tó ń fi ìdánrawò tọ́jú oríkèé àti iṣan, tó gbà mí lálejò ló sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún mi: “Ẹ̀gbọ́n, egungun ló so o. Oríkèé ò tíì jí, iṣan ò tíì jí.”

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ṣe rọrùn lójú: kí n fa ẹsẹ̀ sókè, kí n tì í sísàlẹ̀, kí n sì fi àtàńpàkò ẹsẹ̀ kọ lẹ́tà sínú afẹ́fẹ́ kí oríkèé lè yí gbogbo ọ̀nà. Láti A, B, D títí dé Y. Ọmọ mi obìnrin ní kí n kúkú máa kọ háráfù kéwú, torí ìyẹn ló yá mi lọ́wọ́ jù. Mo ní rárá, n kò ní fi ẹsẹ̀ kọ ohun tí mo fi ń ka Àlùkùránì.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni fífà. Wọ́n ní kí n fi táwẹ̀lì há iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, kí n na orúnkún, kí n fà á sọ́dọ̀ ara mi, kí n dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Aṣọ òkè tí a kò tíì rán pọ̀ ni mo lò, torí kì í nà, ìbú rẹ̀ sì ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ibi tí ó le jù nìyí fún mi. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ máa ń fà bí okùn tí wọ́n sá sóòrùn. Ìlànà tí wọ́n fún mi nípa ìrora ni pé èyí tó bá rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kejì tí ẹsẹ̀ ṣì wú tó sì ń ro mí ju tàná lọ, iṣẹ́ ti pọ̀ jù, kí n dín in kù.

Wọ́n fi òṣùwọ̀n tí a ń gùn kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ìwúwo lé e. Màá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí òṣùwọ̀n, màá tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kan iye kílò tí wọ́n bá dá fún mi, kí ara mi lè mọ bí iye yẹn ṣe rí. Bí àsìkò ti ń lọ ni wọ́n ń fi kún un. Nígbà yìí ni mo ṣàlàyé òfì fún wọn. Wọ́n ní kí n ya bí mo ṣe ń jókòó àti bí ìtẹsẹ̀ ṣe rí, wọ́n wo ìwé náà dáadáa, wọ́n ní kí n so ìtẹsẹ̀ lásán sábẹ́ òfì láìta òwú sí i, kí n máa tẹ̀ ẹ́ nílé. Inú mi dùn gan-an sí ìyẹn. Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún onífísíò yín, torí ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ márúwá àti ẹsẹ̀ ìyá tó ń dúró dín àkàrà, ìlò wọn kò dọ́gba.

Lẹ́yìn náà ni gbígbé gìgísẹ̀ sókè: àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, tí mo di ògiri mú, nígbà tó yá pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Àti dídúró lórí ẹsẹ̀ kan. Àárọ̀ ni mo ń ṣe ìyẹn, nígbà tí mo bá ń fi orín runyín, nítòsí ògiri. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ di ojú, ẹ ó rí i bí kókósẹ̀ ṣe máa gbọ̀n. Ìdánrawò yìí ni àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kàn rọ́ kì í ṣe, òun náà ló sì fà á tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn fi ń rọ́ léraléra. Nígbà tí iṣan ìdè oríkèé bá ya, ìmọ̀lára tí ara fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà á dín kù, a sì ní láti kọ́ ọ padà.

Mo kọ́kọ́ padà sídìí òfì fún ìgbà díẹ̀díẹ̀, màá hun, màá dìde, màá gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ ṣì máa ń wú nírọ̀lẹ́, dókítà ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ó tó ọdún kan fún ẹlòmíràn. Ìrìn ti já gaara tipẹ́ kí n tó lè jókòó lórí ẹsẹ̀ nínú ìrun bó ti yẹ, torí ìjókòó yẹn ń tẹ kókósẹ̀ dé òpin rẹ̀. Òun ló dé gbẹ̀yìn.

Irin ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí ìgbà tí wọ́n máa yọ ọ́. Dókítà ní bí kò bá ni mí lára, tí bàtà kò há a, tí ojú ọgbẹ́ kò sì ṣe nǹkan, ó lè wà níbẹ̀ títí ayé, torí láti yọ ọ́, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni. Kò ni mí lára, mo fi í síbẹ̀.