Bí A Ṣe Ń Ṣe Àyẹ̀wò hs-CRP fún Ọkàn, àti Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Rẹ̀

Kì í ṣe pé ọ̀rá kàn ń dì mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ títí tó fi dí. Tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù LDL (èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú) bá wọ ara ògiri iṣan, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbèjà ara á tẹ̀ lé e wọbẹ̀, wọ́n á gbé e mì, ọ̀pọ̀ wọn á sì kú síbẹ̀. Ibẹ̀ á wú láìdunni rárá. Awọ tó bò ó á máa fẹ́lẹ́ sí i. Ọjọ́ tó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì lójijì sójú ibẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣan ọkàn, apá kan ọkàn lè kú. Tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ló ń fà.

CRP ni èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ibì kan bá ń wú nínú ara. hs-CRP ni kẹ́ ẹ béèrè ní láàbù, torí CRP lásán kì í sábà rí iye kékeré tí à ń wá. Kò sídìí láti febi sínú lọ.

Àsìkò tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń ba èsì jẹ́. Òtútù, eyín dídùn, ọgbẹ́, kódà eré ìdárayá tó le gan-an lè gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kí ara yín ti yá dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 2.4, tí ìkejì jẹ́ 3.0, 2.7 lẹ máa lò.

Kò tó 1 mg/L: ewu kéré. 1 sí 3: ó wà láàárín. Ó ju 3 lọ: ewu pọ̀. Tó bá ju 10 lọ, ẹ má kà á mọ́ ọkàn rárá. Ẹ wá ibi tí àìsàn mìíràn wà, kẹ́ ẹ tún un ṣe tára bá yá. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen náà máa ń gbé e sókè.

Nọ́ńbà yìí nìkan kò tó o. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, LDL, ṣúgà àti sìgá mímu kí dókítà tó pinnu.

Ohun tó ń mú un wálẹ̀ ni jíjáwọ́ nínú sìgá, dídín ọ̀rá ikùn kù, ìrìn kíákíá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, títọ́jú erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, àti oògùn statin tó ń dín kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kù. Lọ́dún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn colchicine 0.5 mg fún àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn ń dí báyìí, àmọ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ibuprofen tàbí diclofenac ń mú ara wíwú rọlẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi wọ́n dáàbò bo ọkàn. Ńṣe ni wọ́n ń dá kún ewu ọkàn, ibuprofen sì lè dí aspirin kékeré tí dókítà fúnni lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́.