Bí A Ṣe Ń Yan Àpò Kánfáàsì Tó Máa Tọ́jọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀, Arìnrìn-àjò àti Ará Ilé

Kì í sábà jẹ́ ara aṣọ ni àpò ẹ̀yìn ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìdí okùn èjìká ni. Aṣọ lè ṣì nípọn dáadáa, kí àwọ̀ rẹ̀ má tíì ṣá rárá, ṣùgbọ́n bí ìrán tó so okùn mọ́ ọn bá tú lójú ọ̀nà oko tàbí ní gáréèjì, àpò tó yẹ kó gbé ẹrù ti di ẹrù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ ti fún yín lésì.

Ṣé kánfáàsì ni lóòótọ́?

Òwú ni kánfáàsì gidi, wọ́n hun ún mọ́ra pinpin. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní kánfáàsì lọ́jà lónìí, pọliésítà (fọ́nrán oníke) ni. Pọliésítà kì í ṣe ohun burúkú. Ó fúyẹ́, ó sì tètè ń gbẹ. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn san owó òwú, kó wá gbé pọliésítà lọ sílé.

Ẹ wá etí aṣọ nínú àpò, ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ, kí ẹ bọ́ síta kúrò nídìí ọjà ẹlòmíràn, kí ẹ wá ṣáná sí i. Òwú á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé atẹ́gùn lásán á gbé e lọ. Pọliésítà á súnkì, á yọ́, á wá di kóró dúdú kékeré tó le. Bó bá jó bí òwú tó tún fi kóró sílẹ̀, àdàlù ni.

Sítáàsì ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kejì. Wọ́n á fi le aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó lè dúró ṣánṣán lórí àtẹ. Ẹ fi èékánná họ ọ́ dáadáa, ẹ tún fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Bí ìyẹ̀fùn funfun bá ń bọ́, tí ojú ibẹ̀ sì rọ̀ jọwọlọ, irú àpò bẹ́ẹ̀ á dà bí àkísà ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.

Ọ́ńsì ni àwọn tó ń hun kánfáàsì fi ń wọn bó ṣe nípọn tó, ìyẹn ìwọ̀n yáàdì kan lóròó àti níbùú. Ọ́ńsì 10 tó fún ìwé ọmọléèwé. Láti 12 dé 16 ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn wá fún ìrìn àjò àti oko. Ọ́ńsì 18 (bíi gíráàmù 600 fún mítà kan lóròó àti níbùú) le gan-an, àmọ́ ó wúwo kí ẹ tó kó nǹkan kan sínú rẹ̀. Bí ọlọ́jà ò bá mọ ọ́ńsì, ẹ na ìpele kan aṣọ náà sójú oòrùn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú bíi ti asẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ojú ìrán

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín. Ẹ wo ibi tí okùn èjìká ti wọlé sára àpò. Ó yẹ kí orí okùn náà wọ àárín ìpele aṣọ méjì, kí wọ́n rán an ní onígun mẹ́rin, kí wọ́n sì tún fi ìrán méjì dábùú ara wọn nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrán ẹyọ kan ni wọ́n fi gbá a mọ́ etí aṣọ, bó ti wù kó lẹ́wà tó, kò ní gbé iṣu mẹ́ta.

Ẹ ka ojú abẹ́rẹ́ nínú íǹṣì kan. Mẹ́fà sí mẹ́jọ dára fún aṣọ tó nípọn. Àwọn kan rò pé bí ìrán bá ṣe ṣù tó ló ṣe máa lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀: ihò abẹ́rẹ́ tó bá ti pọ̀ jù ti lu aṣọ jálẹ̀, ojú ibẹ̀ ni yóò sì ti ya. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ya ojú ìrán sọ́tọ̀. Tí ẹ bá rí òwú tó nà gbọọrọ bí àkàbà láàárín aṣọ méjì, ìrán náà dẹ̀.

Òwú ìránṣọ oní-pọliésítà ló dáa láti fi rán an, kódà bí aṣọ bá jẹ́ òwú pátápátá, torí òógùn àti òjò máa ń jẹ òwú ìránṣọ lásán títí yóò fi jẹrà.

Síìpù tí wọ́n kọ YKK (orúkọ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe síìpù) sí lórúkọ, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Ẹ má wo orúkọ nìkan; ẹ fà á lọ fà á bọ̀ dé igun. Fún oko, èmi fara mọ́ àpò onídèérí tó ní bọ́kù (ìdè bíi ti bẹ́líìtì) ju onísíìpù lọ. Eruku ọyẹ́ kì í ba bọ́kù jẹ́.

Ìwọ̀n ara àti ẹrù

Ẹ wọn ẹ̀yìn láti eegun tó yọ nísàlẹ̀ ọrùn dé orí egungun ìbàdí. Àpò tó bá sọ̀ kalẹ̀ ju ìbàdí lọ á máa fa èjìká sẹ́yìn. Ẹrù tí àgbà bá máa gbé rìn jìnnà kò yẹ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ: ẹni tó bá wọn kílò 70, kílò 14 tó o, àpò fúnra rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Ọmọdé ò gbọdọ̀ gbé tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ oníkílò 30, kílò mẹ́ta ti tó o. Fún àtàárọ̀ dalẹ́ lórí Òkè Ìdànrè, àpò lítà 25 tó gbé omi, oúnjẹ àti aṣọ òtútù.

Òjò

Ká sòótọ́, kánfáàsì lásán kì í ṣe ọ̀rẹ́ òjò. Fọ́nrán òwú máa ń wú bí omi bá bà á, ó sì ń dí ihò díẹ̀, àmọ́ bí òjò bá pẹ́, omi á wọlé. Ó tún ń pẹ́ gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gun omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó fi ọ̀rá di aṣọ àti fóònù rẹ̀ nínú àpò.

A lè fi ìda oyin àti àbẹ́là kun ún. Ẹ kó méjèèjì sínú agolo, kí ẹ gbé agolo náà sínú ìkòkò omi gbígbóná, ẹ má gbé e sórí iná tààrà. Bó bá ti yọ́ pọ̀ tó sì tún dì, ẹ fi ra aṣọ gbígbẹ tó mọ́, pàápàá ojú ìrán, kí ẹ wá tẹ́ bébà lé e, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù lọ̀ ọ́ kó wọlé. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí iná láti ìgbà náà lọ. Ẹ má sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Omi tútù àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀

Kẹ́míkà tí à ń fọ́n sí koríko àti kòkòrò, títí kan agolo rẹ̀ tó ti ṣófo. Òwú máa ń fa omi rẹ̀ mu, fífọ̀ kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Àpò tó bá ti gbé e rí kò gbọdọ̀ gbé gàárì tàbí aṣọ ọmọ mọ́. Àdá gbọ́dọ̀ wà nínú àkọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rán an

Tí ẹ bá ra kánfáàsì ní yáàdì ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kó gbẹ kí wọ́n tó gé e, torí òwú tí wọn ò tíì fọ̀ máa ń súnkì. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 18 ni kí aránṣọ lò; tíntín á kán.

Nínú òkìríkà, bíi ti ọjà Kàtángùwà l'Ékòó, ẹ lè rí ojúlówó lówó pọ́ọ́kú, àmọ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ sì fa ìdí rẹ̀ le. Aṣọ tó ti bu á ya pẹ́rẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ẹ gbọn oúnjẹ kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọ́. Eku kò mọ iye tí ẹ rà á. Bí ìrán okùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ẹ gbé e lọ fún ṣobàtàṣobàtà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ ní kó fi awọ pẹlẹbẹ kan gbè é lẹ́yìn kó tó rán an.