Odò ẹ̀yìn abúlé ń rùn: kí ló fà á?

Àwọn Yorùbá wà tó ń gbé ní abúlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́yìn ilé wa, ògiri roboto kan wà tó kún fún òkúta. Apá irin mẹ́rin máa ń yí lórí rẹ̀, wọ́n á máa wọ́n omi sí i. Láti àná, wọn ò yí mọ́, òórùn sì gba àdúgbò kan. Ṣé kò ní ba odò jẹ́?

Ìdáhùn: Ó lè bà á jẹ́, àbúrò, bí wọn ò bá tètè tún un ṣe. Ara ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin ni ògiri yẹn. Ọ̀pọ̀ rò pé òkúta yẹn ń sẹ́ ìdọ̀tí bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Rárá o. Kí omi ẹ̀gbin tó débẹ̀, ó ti kọ́kọ́ dúró nínú táǹkì, ẹrẹ̀ rẹ̀ ti silẹ̀ bí ògì ṣe ń silẹ̀ tí omidùn ń tòrò lókè. Ohun tó ń yọ̀ lára òkúta, kòkòrò àìfojúrí ni. Àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù. Wọ́n fẹ́ oúnjẹ, wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gba àárín òkúta kọjá. Bí apá irin bá dúró sójú kan, omi á bo àwọn kan mọ́lẹ̀, àwọn yòókù á gbẹ, wọ́n á kú.

Lọ́pọ̀ ibi, ipá omi fúnra rẹ̀ ló ń yí apá yẹn, kì í ṣe iná mànàmáná. Bó bá dúró lóru nígbà tí gbogbo abúlé ti sùn, ẹ má fòyà. Bó bá dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ewé tàbí àkísà ló sábà ń dí ihò rẹ̀. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ omi yín, ẹ má sì gun ògiri yẹn o.

Ìdọ̀tí tí àwọn kòkòrò wa ò bá jẹ, kòkòrò inú odò ló máa jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí ni wọ́n á sì lò tán. Amóníà inú rẹ̀ náà ń pa ẹja. Ní 1912, ìgbìmọ̀ ọba kan nílùú Ọba là á kalẹ̀ pé nínú lítà kan omi tó ń jáde, ìdọ̀tí tó léfòó kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 30 lọ, ọ́síjìn (afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí yẹn) tí kòkòrò inú omi náà máa lò láàárín ọjọ́ 5 kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ, bí omi odò tó mọ́ bá tó ìlọ́po 8 rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abúlé ti ń dùn mí. Nígbà ooru, omi tó ń jáde lọ́dọ̀ wa lè pọ̀ ju omi odò kékeré lọ. Odò bẹ́ẹ̀ ò lágbára àtifara da àṣìṣe ọjọ́ kan.

Ìbéèrè: Omi ń padà sínú ṣíńkì wa. Omi abọ́ nìkan là ń dà síbẹ̀.

Ìdáhùn: Omi abọ́ yẹn gan-an ni. Epo pupa tó ń ṣàn nílé, ẹ wo bó ṣe ń dì nínú ìgò níbí. Bẹ́ẹ̀ ló ń dì nínú páìpù abẹ́ ilẹ̀, ọ̀rá ẹran á bá a dì, wáìpù ìnùdí ọmọ á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí páìpù àdúgbò bá dí, omi ẹ̀gbin lè gba ọ̀nà mìíràn já sódò láìdé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ẹ fi bébà nu ìkòkò kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Epo díndín tó ti tutù, ẹ dà á sínú agolo, kẹ́ ẹ kó o dànù pẹ̀lú pàǹtí. Wáìpù ò gbọdọ̀ wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ìbéèrè: Bílíìṣì ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìdérí kan lọ́sẹ̀ ò ṣe nǹkan. Gálọ́ọ̀nù kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀dà, oògùn apakòkòrò: ìyẹn léwu. Nílùú ńlá, omi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé á là á. Ní abúlé onílé ọgọ́rùn-ún, àwọn kòkòrò wa ló máa gbà á sára.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn òjò ńlá, bébà ìnùdí ń há sórí ẹ̀ka igi etí odò.

Ìdáhùn: Páìpù àtijọ́ ń gbé omi òjò àti omi ẹ̀gbin pọ̀. Táǹkì òjò wa ń gba èyí tó pọ̀ jù. Bí òun náà bá kún, odò ló kàn. Ẹ wò ó bóyá omi òrùlé yín ń wọ páìpù ẹ̀gbin, kẹ́ ẹ sọ fún onílé. Bí ẹ bá sì rí ohun tó dà bí òwú eléérú nísàlẹ̀ odò, tàbí òkú ẹja, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ pe Environment Agency, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, 0800 80 70 60, tọ̀sán-tòru. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà, aago tí ẹ rí i, àti bóyá apá òkè odò ló wà sí páìpù tí omi wa ń gbà jáde sódò, àbí apá ìsàlẹ̀.