Bí àkáǹtì tuntun mi lórí Hive ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi èsì ránṣẹ́

Lẹ́yìn tí mo ti kọ èsì díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lórí Hive, ìyẹn ìkànnì àwùjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí blockchain, àkáǹtì náà kọ̀ jálẹ̀: bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì, ìkìlọ̀ á yọ pé Resource Credits mi, ìyẹn agbára tí gbogbo ohun tí ènìyàn bá ṣe níbẹ̀ ń jẹ, kò tó. Mo jáde, mo tún wọlé, mo sì gbìyànjú lórí fóònù mìíràn, ṣùgbọ́n pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí, nítorí inú blockchain (àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú) fúnra rẹ̀ ni ààlà náà wà, kì í ṣe orí fóònù.

Hive Power (owó Hive tí ènìyàn tì pa sínú àkáǹtì rẹ̀) ló ń pinnu bí agbára yìí ṣe pọ̀ tó, bó bá sì tán pátápátá, ó máa ń gba ọjọ́ 5 kí ó tó kún padà; ìdí nìyí tí ó fi ń tètè tán lọ́wọ́ ẹni tuntun. Ìlànà tó ń dènà àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ tí kò wúlò kún ìkànnì (spam) ni, mi ò sì bá a jà.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ pé kó yá mi lára Resource Credits tirẹ̀, èyí tó lè gbà padà nígbàkigbà láìfọwọ́ kan owó rẹ̀. Bí mo ṣe tún ojú ìwé náà ṣí, èsì mi lọ. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì mìíràn. Ẹni tí kò rí ẹni yá a lè dúró kí ó kún díẹ̀díẹ̀.