Ẹ Ní Kí Wọ́n Gbé Páálí Sìgá Náà Wá

Ẹyọ kan, ẹyọ méjì ni ọ̀pọ̀ wa ń ra sìgá. Ọlọ́jà á yọ ọ́, á na ṣáná síni, páálí á sì wà nínú ìsọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ara páálí yẹn ni ìkìlọ̀ wà. Òfin tábà ọdún 2015 ní Nàìjíríà ka títa sìgá lẹ́yọ léèwọ̀, kò sì fàyè gba títà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, àmọ́ gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe rí. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ní kí ọlọ́jà gbé páálí fún yín, kí ẹ yí i síwá sẹ́yìn.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán ló wà níbẹ̀, pé amusìgá lè tètè kú. Àwọn ọ̀dọ́ sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́: "Ta ni ò ní kú?" Ìkìlọ̀ tí kò dárúkọ àrùn kankan kì í pẹ́ dẹ̀rín. Kánádà ló kọ́kọ́ fi àwòrán sí i, lọ́dún 2001. Ìlànà ọdún 2019 mú un dé Nàìjíríà. Àwòrán ibi tí àrùn ti bà jẹ́ lára èèyàn, ẹni tí kò mọ̀wé náà á kà á.

Bí bàbá bá ń da sìgá rẹ̀ sínú agolo kí ojú rẹ̀ má baà rí àwòrán yẹn, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ìkìlọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí páálí funfun tàbí orúkọ tó jọ pé sìgá náà fúyẹ́ tàn yín. Àwọn ihò wínníwínní kan máa ń wà ní ìdí rẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé kí èéfín lè fúyẹ́; ìka àti ètè ń dí wọn, amusìgá á sì tún fà á jinlẹ̀ kí ara rẹ̀ lè rí níkotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, tó ń wá.

Aṣáà ńkọ́? Inú ìwé tàbí ike kékeré ló ti ń bọ́ síni lọ́wọ́, kò ní àwòrán kankan. Tábà ṣì ni, èyí tí a ń fi sẹ́nu sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Ẹ̀yin tó ń gbin tábà lágbègbè Ìséyìn, ewé tútù náà kò ní ìkìlọ̀ lára. Bí ìrì tàbí òjò bá wà lórí rẹ̀, níkotíìnì ń gba awọ ara wọlé, òòyì àti èébì á tẹ̀ lé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, ẹ sì jẹ́ kí omi orí ewé gbẹ kí ẹ tó ká a.