Ọjọ́ Orí Ẹja Òkun Jíjìn: Bí A Ṣe Ń Kà Á, àti Ohun Tó Kan Ẹni Tó Ń Sin Àrọ̀

Títóbi ẹja kì í sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àrọ̀ tí a bọ́ dáadáa ní Kábà tàbí Ìsánlú lè tó kílò kan láàárín oṣù 6 sí 8. Panla kékeré tí àwọn oníṣòwò mọ̀ sí blue whiting, tó ń ti apá àríwá òkun Àtìláńtíìkì dé inú fíríìsà àwọn ìyá ẹlẹ́ja wa, lè ti lo ọdún 4 tàbí 5 láyé kó má tíì tó gíráàmù 200.

Ibi tí panla yìí sábà ń gbé jìn tó mítà 300 sí 400. Omi ibẹ̀ tutù, oòrùn kò ràn débẹ̀, oúnjẹ kò sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹja kò ní ooru tirẹ̀: bí omi tó yí i ká bá tutù, ara rẹ̀ náà á tutù, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, ìdàgbà rẹ̀ á sì falẹ̀.

Èyí tó le jù ni ti orange roughy, ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ń gbé níbi tó jìn ju mítà 500 lọ. Ó lè lò ju 100 ọdún lọ, nǹkan bí ọdún 30 ni ó sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Nígbà tí àsìkò yíyé bá tó, wọ́n máa ń kóra jọ lórí àwọn òkè abẹ́ òkun. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọkọ̀ apẹja ti ń ká wọn mọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń kó wọn ní New Zealand, kò sì pẹ́ tí iye wọn fi já wálẹ̀. Ní 2006, Ọsirélíà fi ẹja náà sínú àkójọ àwọn ẹ̀dá tó nílò ààbò òfin. Kí ọmọ ẹja tó bá rọ́pò ìyá rẹ̀ lónìí tó yé ẹyin, ọmọ ènìyàn tí a bí lónìí á ti bímọ tirẹ̀.

Títù yàtọ̀ pátápátá. Ọdún 2 sí 3 ni ó ń tó yé. Ṣáwà máa ń tó ọdún 3 sí 4 kó tó yé, ó sì ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ òkun. Kọ́ọ̀dù, ẹja òkun ńlá tí wọ́n ń sá gbẹ ní Norway, máa ń tó ọdún 6 sí 8 kó tó yé. Abo kọ́ọ̀dù ńlá lè yé ẹyin tó ju mílíọ̀nù kan lọ lásìkò kan, ìdí nìyẹn tí pípa àwọn àgbà abo fi ń dun òkun púpọ̀.

Inú orí ẹja ni àkọsílẹ̀ ọdún rẹ̀ wà, lára òkúta etí, ìyẹn òkúta kékeré tó wà nínú etí rẹ̀ lábẹ́ agbárí. Nígbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí oúnjẹ sì wà, òkúta náà á fi ìpele funfun kún ara rẹ̀. Nígbà òtútù, á fi ìpele tó mọ́ gaara kún un. Méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ ọdún kan.

Ẹ lè wò ó nílé. Orí panla ni kí ẹ lò, nítorí òkúta títù kéré, ó sì tètè ń fọ́. Ẹ jẹ́ kí yìnyín yọ́ kúrò lára orí náà, kí ẹ sì gé òkè agbárí kúrò lẹ́yìn ojú. Ẹ rọra ṣí ọpọlọ sápá kan: lábẹ́ rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, òkúta funfun gígùn kan wà níbẹ̀, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Ẹ má fi ọ̀bẹ fà á, á ṣẹ́; ìka ni kí ẹ lò. Ẹ fọ awọ tó bò ó kúrò, kí ẹ gbé e sínú omi díẹ̀ nínú abọ́ dúdú, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ìpele tó mọ́ gaara á dà bí òrùka dúdú. Òrùka yẹn ni kí ẹ kà láti àárín lọ sí etí.

Òrùka èké máa ń wà. Bí ebi bá pa ẹja láàárín ọdún, òrùka lè yọ, ṣùgbọ́n kì í sábà yí òkúta náà ká tán. Lára ẹja àgbà, àwọn òrùka tó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta máa ń fún mọ́ra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n, iye ọdún á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn onímọ̀ máa ń gé irú òkúta bẹ́ẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Irú àṣìṣe yìí ló jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rò pé orange roughy ń yára dàgbà.

Ẹ má dán an wò lára àrọ̀. Òkúta tirẹ̀ kéré, omi wa kò sì ní òtútù tó ń ya ọdún sọ́tọ̀ kedere. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọmọ ẹja wọ inú omi sára ògiri tàbí sínú ìwé, ó tó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja ni pé wọ́n á ta àwọn tó yára dàgbà, wọ́n á sì fi àwọn tí kò tètè dàgbà sílẹ̀ láti fi bímọ. Láàárín ìran díẹ̀, gbogbo ẹja inú omi náà á máa falẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ṣa ẹja, ẹ yọ àwọn tó ṣíwájú ẹgbẹ́ wọn sọ́tọ̀, kí ẹ bọ́ wọn títí wọ́n á fi tó ọdún kan, tí ìwọ̀n wọn á sì lé ní kílò kan. Abo tó tó yé, ikùn rẹ̀ á wú, á sì rọ̀. Bí ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, ẹyin tó dọ́gba á yọ. Gíráàmù kan ẹyin àrọ̀ sábà máa ń tó 600 sí 700. Bí ẹyin bá jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ó kọ̀ láti yọ, ẹ dá abo náà padà sínú omi.