Ibi Tí Agbára Rsync Mọ, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Láìpàdánù Fáìlì

Láti ọdún 1996 tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ti gbé rsync jáde ní Ọsirélíà, ó ti di irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ sáfà Linux (kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) fi ń kó fáìlì. Ọ̀fẹ́ ni, kódù rẹ̀ wà ní gbangba, ó sì mọ dátà ṣọ́: bí fáìlì ńlá tó ti wà lọ́hùn-ún bá yí padà díẹ̀, ibi tó yí padà nìkan ló máa fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń gba fáìlì lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn kan jẹ́ àléébù gidi tí wọ́n ti tún ṣe. Èyí tó pọ̀ jù, bí wọ́n ṣe dìídì ṣe é nìyẹn, àwa tí à ń lò ó la máa mọ bá a ṣe ń bá a lò.

Ẹ wo ẹ̀dà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì

    rsync --version
    ssh ade@safa rsync --version

Ssh ni ọ̀nà ààbò tí à ń gbà wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn; `ade@safa` ni orúkọ yín àti ti sáfà náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì gbó, ohun tí èyí tó gbó mọ̀ ni wọ́n máa fi bára wọn sọ̀rọ̀. Mac ló yẹ kí ẹ fura sí jù. Ẹ̀dà 2.6.9 ti ọdún 2006 ni Apple ń fi sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí pé wọn ò fẹ́ ìwé àṣẹ GPLv3 tó bá 3.0 dé. Nínú macOS tuntun, openrsync ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò sì mọ gbogbo ohun tí rsync mọ̀. Ẹ fi Homebrew, irinṣẹ́ tó ń fi ètò sórí Mac, ṣe `brew install rsync`, ẹ ṣí terminal (ojú tí à ń tẹ àṣẹ sí) tuntun, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà níbẹ̀. Ní oṣù January 2025, wọ́n tú àléébù mẹ́fà síta lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó burú jù, CVE-2024-12084 (CVE ni orúkọ tí wọ́n fi ń dá àléébù ààbò mọ̀), wà nínú 3.2.7 àti 3.3.0: bí ẹ bá ń lo rsync gẹ́gẹ́ bíi daemon (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tó ń dúró de ẹni tó bá pè é) ní port 873, ìyẹn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tó kàn ní àṣẹ láti ka fáìlì lásán lè gba ibẹ̀ wọlé kó máa darí sáfà yín. 3.4.0 tún un ṣe, 3.4.1 sì tẹ̀ lé e kíákíá torí pé àtúnṣe yẹn ba nǹkan mìíràn jẹ́. Ẹ má kàn wo nọ́ńbà o. Debian àti Ubuntu máa ń fi àtúnṣe sínú ẹ̀dà àtijọ́ láìyí nọ́ńbà padà, nítorí náà 3.2.7 tó wà lórí Ubuntu 24.04 lè ti gba ìwòsàn. Ẹ ṣe `apt update` àti `apt upgrade`, lẹ́yìn náà kí ẹ wá orúkọ CVE yẹn nínú `apt changelog rsync`. Bákan náà, port 873 kì í fi ohunkóhun bo dátà lójú ọ̀nà. Ẹ gba inú ssh kọjá.

Àmì / kan ṣoṣo

`foto/` túmọ̀ sí ohun tó wà nínú fódà. Ṣùgbọ́n `foto` túmọ̀ sí fódà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé / yìí máa rí `/afipamo/foto/foto`, ìyẹn ò tíì le. Èyí tó le ni pé `rsync -a --delete foto/ /afipamo/` máa pa gbogbo ohun mìíràn tó wà nínú `/afipamo` rẹ́, torí ohun tí ẹ sọ fún un ni pé kí `/afipamo` rí bí inú `foto` ṣe rí gẹ́lẹ́.

Bí orúkọ fódà lórí sáfà bá ní àlàfo nínú, ẹ fi `-s` kún àṣẹ náà bí ẹ̀dà yín bá kéré sí 3.2.4. Láti 3.2.4 ti ọdún 2022, rsync ń tọ́jú àlàfo fúnra rẹ̀, àwọn script àtijọ́ tó fi àmì ìfàyọ méjì-méjì bò ó sì lè máà ṣiṣẹ́ mọ́. `--old-args` ló máa dá ti àtijọ́ padà.

Bó ṣe ń mọ̀ pé fáìlì ti yí padà

Ohun méjì péré ló ń wò: bí fáìlì ṣe tóbi tó àti aago tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Bí méjèèjì bá bára mu, ó fò ó nìyẹn. Bí ẹ bá lo `-r` (kó fódà pẹ̀lú gbogbo inú rẹ̀) láìsí `-t` (pa aago fáìlì mọ́), aago tí wọ́n kó o dé ló máa jókòó sórí fáìlì lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ni rsync yóò sì tún yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. `-a`, tó jẹ́ àkópọ̀ `-r`, `-t` àti àwọn mìíràn, ti ní `-t` nínú. Ohun tí `-a` kò ní ni `-H` fún hard link (orúkọ méjì fún fáìlì kan náà), `-A` fún ACL (àkójọ àwọn tó ní àṣẹ lórí fáìlì) àti `-X` fún àwọn àfikún ìsọfúnni fáìlì. Bí ẹ bá ń fi odindi sáfà pamọ́, àfi kí ẹ kọ wọ́n síbẹ̀.

Lórí fláàṣì FAT32, aago fáìlì ń sún ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì, nítorí náà kì í bá ti Linux mu dáadáa. FAT32 kò mọ ẹni tó ni fáìlì, kò mọ àṣẹ ìlò, kò sì lè gba fáìlì tó bá tó 4 GiB. `-a` lè pariwo «chown … failed: Operation not permitted» lórí rẹ̀, kó sì fi kóòdù 23 (nọ́ńbà tó fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe parí) parí. Èyí ló bá a mu:

    rsync -rtv --modify-window=1 orin/ /media/ade/FLASH/orin/

Láti fódà kan sí òmíràn lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí ẹ má retí pé ibi tó yí padà nìkan ló máa kọ. Odindi fáìlì ló ń kó níbẹ̀, torí pé kíka ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó kọ ọ́ kì í yá ju kíkó gbogbo rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fura pé fáìlì kan ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé aago rẹ̀ yí padà, `-c` máa ka gbogbo báìtì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń gba àkókò gan-an. Ẹ fi í sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kì í ṣe ojoojúmọ́.

Rsync kò sì mọ̀ pé ẹ yí orúkọ padà. Bí fódà fídíò kan bá kúrò ní `Igbeyawo` tó di `Igbeyawo-2023`, gbogbo rẹ̀ ló máa tún fi ránṣẹ́ látòkè délẹ̀. `--fuzzy` lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú fódà kan náà ló ti ń wá èyí tó jọ ọ́. Ohun tó dára jù ni kí ẹ fi `mv` yí orúkọ náà padà lórí sáfà kí ẹ tó pe rsync.

Orúkọ fáìlì tó ní àmì ohùn

Àwa tí à ń kọ Yorùbá gangan ni ìṣòro yìí ń bá jà jù. Fún rsync, báìtì ni orúkọ fáìlì. Ohun tójú rí bákan náà lè má jẹ́ báìtì kan náà. Ẹ wo fáìlì `Ọ̀ṣun`:

    ls | grep 'un$' | hexdump -C

Lórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ lè rí `e1 bb 8c cc 80 e1 b9 a3 75 6e`: Ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀, ṣ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Lórí òmíràn, `4f cc a3 cc 80 73 cc a3 75 6e` ni: O lásán, àmì abẹ́, àmì ohùn, s lásán, àmì abẹ́. Báìtì mẹ́wàá ni méjèèjì, ojú ò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n lójú rsync. Díìsìkì Mac tó jẹ́ HFS+ máa ń tú gbogbo àmì sọ́tọ̀ bíi ti ìkejì yìí. APFS, ti Mac tuntun, máa ń fi orúkọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí Mac àti Linux bá jọ ń kó ìwé sínú fódà kan náà lórí sáfà, ẹ óò bá `Ọ̀ṣun` méjì níbẹ̀. Bí `--delete` bá wà nínú àṣẹ yín, ti ẹnì kan máa pòórá, ti ẹnì kejì á sì rọ́pò rẹ̀, bóyá pẹ̀lú ohun tó ti pẹ́ nínú.

Ẹ sọ gbogbo orúkọ di irú kan náà ní ẹ̀gbẹ́ Linux: NFC, irú àkọ́kọ́ yẹn tó so àmì abẹ́ mọ́ lẹ́tà. `convmv` ló wà fún un, ó sì máa ń fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn yín kó tó ṣe é:

    convmv -r -f utf8 -t utf8 --nfc /home/ade/iwe

Bí ohun tó kọ jáde bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tún un pè pẹ̀lú `--notest`. Lẹ́yìn náà, láti orí Mac ni kí ẹ ti pe rsync:

    rsync -av --iconv=utf-8-mac,utf-8 iwe/ ade@safa:/afipamo/iwe/

Ti kọ̀ǹpútà tí ẹ wà nídìí rẹ̀ ló máa ń ṣáájú, ti ọ̀hún a tẹ̀ lé e, yálà ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ ni o tàbí ẹ̀ ń gbà á. Bí `rsync --version` bá kọ «no iconv», ẹ̀dà yẹn kò lè ṣe é.

Ó ṣẹ́ ku ohun kan tí convmv kò lè wò sàn. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan kì í fi àmì kékeré sábẹ́ lẹ́tà, ìlà òòró kékeré ni wọ́n ń fi síbẹ̀, U+0329 dípò U+0323. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ò ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan náà, nítorí náà kò sí ìyípadà NFC tó máa pa wọ́n pọ̀. Lórí Debian tàbí Ubuntu, `rename` ti Perl ló máa ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi `-n` dán an wò, kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò:

    rename -n 's/\xCC\xA9/\xCC\xA3/g' *

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó pe convmv. Tí rsync bá sì kọ orúkọ yín jáde bíi `\#341\#273\#214`, ẹ má bẹ̀rù, fáìlì ò bàjẹ́. Bó ṣe ń fi í hàn lójú ni. `-8` á tún un ṣe.

--delete

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Bí hard disk tí ẹ̀ ń kó nǹkan kúrò lórí rẹ̀ kò bá tíì so mọ́ kọ̀ǹpútà, fódà òfìfo lásán ló wà níbẹ̀. Rsync á rí òfìfo, á sì sọ àfipamọ́ yín di òfìfo. Kì í ṣe àléébù, àṣẹ tí ẹ pa fún un ló tẹ̀ lé. Ẹ so ó mọ́ àyẹ̀wò:

    mountpoint -q /media/ade/DISIKI && rsync -a --delete --max-delete=50 /media/ade/DISIKI/ ade@safa:/afipamo/disiki/

`--max-delete=50` á jẹ́ kó dáwọ́ ìparẹ́ dúró lẹ́yìn fáìlì 50, á sì fi kóòdù 25 parí kẹ́ ẹ lè mọ̀. Kí ẹ tó lo `--delete` lórí fódà tuntun èyíkéyìí, ẹ fi `-n -i` kún un (kó kọ ohun tó fẹ́ ṣe láìṣe é), kẹ́ ẹ wá ka gbogbo ìlà tó bá ní `*deleting`. Bí ẹ bá rí «IO error encountered -- skipping file deletion», rsync ń dáàbò bò yín ni: ó kùnà láti ka ohun kan ní orísun, kò sì fẹ́ pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ wá ìdí tí kò fi rí i kà. Ẹ má sáré fi `--ignore-errors` pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já

Rsync máa ń kọ fáìlì sínú orúkọ ìgbà díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró. Bí ìlà bá já, ó sábà máa ń pa á rẹ́, 3 GB tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sì ti lọ nìyẹn. `--partial-dir=.rsync-partial` á tọ́jú èyí tó ti dé, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. `--timeout=60` kò ní jẹ́ kó jókòó sójú kan nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn láìsọ.

    for i in $(seq 20); do
      rsync -a --partial-dir=.rsync-partial --timeout=60 --bwlimit=300 fidio/ ade@safa:/afipamo/fidio/
      k=$?
      case $k in 12|30|255) sleep 30 ;; *) break ;; esac
    done
    echo "Kóòdù: $k"

Ìdí tí a fi dá a dúró sí ìgbà 20 ni pé 255 lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ssh tí kò bá a mu, 12 sì lè jẹ́ díìsìkì tó ti kún lọ́hùn-ún. Ẹ lè gbìyànjú di ọ̀la, wọn ò ní sàn. KiB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni 300 yẹn.

Ẹ yẹra fún `--append`. Bí fáìlì tó wà lọ́hùn-ún bá kéré, ó kàn ń lẹ ìyókù mọ́ ìdí rẹ̀ láìwò bóyá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì bára mu. `--append-verify` ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. `--inplace` náà ń fi àyè pamọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́, tuntun ò sì tíì pé.

Bí ó bá kọ «protocol version mismatch -- is your shell clean?», ohun kan nínú `.bashrc` (fáìlì ètò tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá wọlé) lórí sáfà ló ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ ṣe `ssh ade@safa /bin/true > yewo.dat`, bí `yewo.dat` kò bá jẹ́ báìtì 0, ẹ ka inú rẹ̀, ẹ óò rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Fáìlì tó ṣì ń ṣiṣẹ́

Kóòdù 24 túmọ̀ sí pé fáìlì kan wà nígbà tó ń ka orúkọ, kò sí mọ́ nígbà tó fẹ́ gbé e. Fún fódà log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà), ẹ lè fojú fo ìyẹn. Fún database kò rí bẹ́ẹ̀: rsync lè kó ìdajì rẹ̀ ní aago kan, kó ìdajì kejì lẹ́yìn tí nǹkan ti yí padà, kó sì fi kóòdù 0 parí bíi pé ohun gbogbo dára. Ẹ má kó fódà MySQL, irú database kan, tó ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn tábìlì yín bá jẹ́ InnoDB (ọ̀kan lára ọ̀nà tí MySQL ń gbà tọ́jú tábìlì):

    mysqldump --single-transaction oja | gzip --rsyncable > oja.sql.gz

`--rsyncable` yẹn ṣe pàtàkì. Gzip lásán, bí ìlà kan bá yí padà níbẹ̀rẹ̀, gbogbo báìtì tó tẹ̀ lé e ló máa yí padà, rsync á sì tún fi odindi fáìlì ránṣẹ́. Pẹ̀lú rẹ̀, fáìlì náà á tóbi díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibi tó yí padà àti ìtòsí rẹ̀ nìkan ló máa jẹ dátà yín.